Rótọ̀ tọ́báìnì ń gbọ̀n lẹ́yìn pípààrọ̀ bíléèdì: ṣé wéètì ló kàn, àbí ká kọ́kọ́ wá ìdí rẹ̀?

#1 ṢáàfùTítọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi yẹ àwọn ìwọ̀n yìí wò. Tọ́báìnì onígáàsì ni, 3000 rpm (ìyí 3000 láàárín ìṣẹ́jú kan) ni eré rẹ̀. Rótọ̀ wúwo tó 1200 kg, béárìn méjì tí ọ́ìlì ń ṣàn nínú wọn ló gbé e, ṣáàfù sì fẹ̀ tó 200 mm lójú béárìn. Wọ́n pààrọ̀ bíléèdì 14 ní ipele kejì tọ́báìnì, láti ìgbà náà ni ìgbọ̀n ti yí padà.

Béárìn 1: 28 µm tẹ́lẹ̀, 42 µm báyìí (µm kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà).
Béárìn 2: 35 µm ní igun 310° tẹ́lẹ̀, 80 µm ní igun 40° báyìí.
Critical, ìyẹn eré tí rótọ̀ yìí ti máa ń gbọ̀n jù: 1750 rpm. Béárìn 2 máa ń dé 60 µm níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti di 140 µm.

Láti òkè dé ìsàlẹ̀ ìgbì ni gbogbo ìwọ̀n náà, sẹ́ńsọ̀ tó ń wo ṣáàfù láìfọwọ́ kàn án ló sì kà wọ́n. Apá kan ní 80 ṣì wà lábẹ́ òdiwọ̀n, ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Apá kejì ní ká lẹ wéètì mọ́ ọn kíá. Èwo ni ká ṣe?

#2 ÀgbàRótọ̀

Àwọn tó ní 80 wà lábẹ́ òdiwọ̀n kò parọ́, ṣùgbọ́n ìlàjì òdiwọ̀n ni wọ́n kà.

ISO 20816-4, ìwé òdiwọ̀n àgbáyé tó wà fún tọ́báìnì onígáàsì, fún ṣáàfù ní ààlà mẹ́ta láàárín ipò mẹ́rin, láti A tó dára jù dé D tó léwu. A sí B jẹ́ 4800 ÷ √rpm, B sí C jẹ́ 9000 ÷ √rpm, C sí D jẹ́ 13200 ÷ √rpm. Ní 3000 rpm, ó já sí 88, 164 àti 241 µm. Lóòótọ́ ni pé 80 ṣì wà nínú A. Àmọ́ ìwé kan náà tún ní òfin kejì: bí ìgbọ̀n bá yí padà ju ìdámẹ́rin ààlà B sí C lọ, ì báà gòkè, ì báà sọ̀kalẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ wá ìdí rẹ̀. Ìdámẹ́rin 164 jẹ́ 41 µm.

Ẹ má sì yọ 35 kúrò nínú 80 kí ẹ ní 45 ló yí padà. Ìgbọ̀n ní gígùn, ó sì ní ibi tó kọjú sí, bí ọfà ni. Ẹ ya ọfà 35 sí 310°, ẹ ya ọfà 80 sí 40°, kí ẹ wá wọn àlàfo tó wà láàárín orí méjèèjì. Mo rí i ní 87 µm. Ohun tó yí padà lára rótọ̀ yìí ju ohun tó hàn lójú iboju lọ dáadáa. Kì í ṣe nǹkan tí a ń fi sílẹ̀.

#3 Béárìn_Tútù

Mo gbà pẹ̀lú ọ̀gá, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé wéètì lọ́wọ́ ná. Àìdọ́gba ìwúwo nìkan ni wéètì ń wò. Bí ó bá jẹ́ pé ṣáàfù ń fara kan síìlì, ìyẹn ohun tó ń dí gáàsì lọ́nà, ni, tàbí ó ti tẹ̀, tàbí bóòtù ìdí ẹ̀rọ ló tú, wéètì lè bo àmì àìsàn náà mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, kí ó tó padà wá le ju ti tẹ́lẹ̀. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

ṢáàfùTítọ́, ẹ bá wa wo nǹkan wọ̀nyí:

Ṣé ẹ ti yọ ìwọ̀n eré jẹ́jẹ́ kúrò? Ní 200 sí 500 rpm, rótọ̀ kò tíì ní agbára láti gbọ̀n. Ohunkóhun tí sẹ́ńsọ̀ bá kà níbẹ̀, àléébù ojú ṣáàfù ni: ó ti fara ha, tàbí kò yí róbótó, tàbí irin rẹ̀ ti ní mágínẹ́ẹ̀tì. Bí ọfà sì ni a ṣe ń yọ ọ́, kì í ṣe bí nọ́ńbà lásán.

Ṣé igun 40° yẹn dúró sójú kan? Bí ó bá ń rìn, tó kúrò ní 40 lọ sí 70, sí 110, tó ń yí po láàárín wákàtí kan sí méjì, tí gíga ìgbọ̀n náà ń lọ tó ń bọ̀, ṣáàfù ń fara kan nǹkan nìyẹn. Ibi tó ń kàn ń gbóná, ó ń gùn, ṣáàfù ń tẹ̀ síhà ibẹ̀, ibi tí yóò tún kàn ń sún. Newkirk ṣàlàyé èyí ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn.

Kí ló wà nínú ìgbọ̀n náà? 1X (ìgbọ̀n kan nínú ìyí ṣáàfù kọ̀ọ̀kan) nìkan, tàbí 2X (ìgbọ̀n méjì nínú ìyí kan) wà níbẹ̀, tàbí ohun kan wà lábẹ́ 1X?

Sẹ́ńsọ̀ náà ńkọ́? Fóltéèjì ìdúró rẹ̀ yẹ kó wà nítòsí −10 V. Bí apá tó dì í mú bá tú, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa gbọ̀n, ṣáàfù ni ẹ ó sì máa bá wí.

#4 ṢáàfùTítọ́

Ẹ ṣé gan-an ni. Àwọn ìdáhùn rèé.

Ìwọ̀n eré jẹ́jẹ́ jẹ́ 9 µm ní 300 rpm, a ti yọ ọ́ kúrò nínú 80 yẹn. Igun kò kúrò láàárín 38° sí 41° fún wákàtí mẹ́rin lórí ẹrù kan náà. 1X ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀. 2X jẹ́ 6 µm, kò sí nǹkan kan lábẹ́ 1X. Sẹ́ńsọ̀ wà ní −9.8 V, apá rẹ̀ le. Bí a bá ń sọ eré kalẹ̀, igun máa ń yí gẹ́lẹ́ bó ṣe yẹ kó yí nígbà tó bá ń kọjá ní 1750.

#5 Béárìn_Tútù

Ó dára. 1X, igun tó dúró, tó ń yípadà létòlétò ní critical: àìdọ́gba ìwúwo ni. Mo fara mọ́ wéètì báyìí.

#6 Oníbíléèdì

Kí ẹ tó lọ síbẹ̀, ẹ wá ìwé tí wọ́n fi to bíléèdì 14 yẹn jáde. Ibẹ̀ ni mo fura sí.

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń fi òṣùwọ̀n lásán wọn bíléèdì, tí gíráàmù bá ti dọ́gba, wọ́n á ní ó parí. Kò parí. Ohun tí rótọ̀ ń mọ̀ ni ìwúwo ní ìlọ́po bí àárín ìwúwo bíléèdì ṣe jìnnà sí àárín ṣáàfù tó. Ẹ wo bíléèdì méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 1200 g gẹ́lẹ́. Bí àárín ìwúwo ọ̀kan bá fi 2 mm jìnnà síta ju ti èkejì lọ nítorí pé orí rẹ̀ nípọn díẹ̀, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 2400 g·mm. Òṣùwọ̀n orí tábìlì kò lè rí i láéláé. Òṣùwọ̀n tó ń gbé bíléèdì síta bó ṣe máa wà lórí dísíìkì ló lè rí i.

Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ gíráàmù ni ó yàtọ̀: 5 g ní 450 mm sí àárín jẹ́ 2250 g·mm. Bíléèdì mẹ́ta bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn jẹ́ nǹkan bí 6750 g·mm lójú kan.

Bí a ṣe ń tò ó: kọ iye g·mm ọ̀kọ̀ọ̀kan, tò wọ́n láti orí èyí tó pọ̀ jù. Fi èyí tó pọ̀ jù síhìn-ín, fi èyí tó tẹ̀ lé e sí ìdojúkọ rẹ̀ gan-an. Ìkẹta àti ìkẹrin, kí wọ́n wà ní 90° sí àwọn ti àkọ́kọ́, kí èyí tó pọ̀ nínú wọn bọ́ síhà tí ó fúyẹ́. Lẹ́yìn náà, ro ọfà gbogbo wọn pọ̀. Bí ohun tó kù bá ṣì pọ̀, pààrọ̀ ààyè bíléèdì méjì tí iye wọn súnmọ́ra, kí o tún un rò. Bí ó bá jẹ́ 14 péré lo pààrọ̀ nínú òrùka tó ti wà, má gbàgbé pé àwọn tó kù ti ní ọfà tiwọn tẹ́lẹ̀; tuntun gbọ́dọ̀ ní iye tí ó súnmọ́ ti èyí tí o yọ kúrò ní ihò yẹn gan-an.

#7 ṢáàfùTítọ́

Òṣùwọ̀n lásán ni wọ́n lò. Gíráàmù nìkan ló wà nínú ìwé náà.

Ṣùgbọ́n láti ṣí àpótí ẹ̀rọ láti tún wọn tò yóò gba ọjọ́ púpọ̀. Ihò wéètì 24 wà lẹ́bàá béárìn 2, a lè ti fèrèsé kékeré dé ibẹ̀. Ihò náà wà ní 300 mm sí àárín, ihò 0 wà ní 0°, 15° ló wà láàárín ihò kan sí èkejì. Wéètì tó wúwo jù tí ihò kan lè gbà jẹ́ 12 g, ṣùgbọ́n wọ́n fàyè gba 20 g níbi mẹ́rin: 0°, 90°, 180° àti 270°.

#8 ÀgbàRótọ̀

A lè fi iyẹn ṣe é. Mo máa kọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ, ẹ mú kálámù.

Àkọ́kọ́, wéètì ìdánwò. Ẹ má ṣe méfò rẹ̀. Èyí tó kéré jù kò ní fi nǹkan hàn, èyí tó pọ̀ jù lè ba béárìn jẹ́ ní critical. Òfin tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀ lé ni pé agbára tó máa fà ní eré kíkún kó jẹ́ ìdámẹ́wàá ìwúwo tí béárìn yẹn gbé. Rótọ̀ 1200 kg, béárìn kan gbé 600 kg, ìyẹn nǹkan bí 5890 N. Ìdámẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ 589 N. Ní 3000 rpm, ní 300 mm, 20 g ló ń fa iye yẹn. Ẹ fojú inú wò ó: irin 20 g tí ẹ lè fi ìka méjì gbé ń fa ṣáàfù bí ẹrù 60 kg, ó sì ń yí po nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, dídè rẹ̀ ṣe pàtàkì ju ìṣirò lọ. Irin tó lè fara da ooru ibẹ̀ ni kí ẹ lò, kì í ṣe bóòtù lásán láti inú àpótí. Ẹ dè é ní agbára tí ìwé ẹ̀rọ sọ, kí ẹ lu ètí ihò wọ inú rẹ̀ kó má lè yí padà. Wéètì tó bá tú ní 3000 rpm, ọta ìbọn ni.

Èkejì, ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ti ní i: 80 µm ní 40°. Ẹ kọ ẹrù, ooru ọ́ìlì tó ń wọ béárìn àti ooru gáàsì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí bákan náà ni gbogbo wọn gbọ́dọ̀ rí nígbà ìdánwò.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi 20 g sí 90°, ẹ tan án, kí ẹ máa wo béárìn 2 bó ṣe ń gun critical. Bí ó bá fẹ́ kọjá iye tí ẹ ti fẹnu kò sí, ẹ pa á, kí ẹ gbé wéètì náà lọ sí ìdojúkọ. Bí ó bá dé 3000, ẹ jẹ́ kó gbóná débi tó dé tẹ́lẹ̀ kí ẹ tó kọ iye.

Ẹ wá fi iye yẹn ránṣẹ́ síbí.

#9 ṢáàfùTítọ́

Pẹ̀lú 20 g ní 90°: béárìn 2 jẹ́ 60 µm ní 100°. Ooru ọ́ìlì àti ẹrù bára mu pẹ̀lú ti ìbẹ̀rẹ̀.

#10 ÀgbàRótọ̀

Ó dáa. Ẹni tó bá wo 60 nìkan á ní wéètì náà ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ẹ wo ọfà.

Ọfà ìbẹ̀rẹ̀: 80 ní 40°. Ọfà tuntun: 60 ní 100°. Láti orí ti ìbẹ̀rẹ̀ sí orí tuntun jẹ́ 72.1 µm ní 174°. Iṣẹ́ tí 20 g yẹn nìkan ṣe nìyẹn. Ó ṣiṣẹ́ gan-an, ibi tí kò yẹ ló tì í sí.

Gíráàmù kan ń ṣe 72.1 ÷ 20 = 3.6 µm. Igun iṣẹ́ rẹ̀ fi 174 − 90 = 84° yàtọ̀ sí igun tí a gbé e sí.

A fẹ́ ọfà tó máa pa 80 ní 40° rẹ́, ìyẹn 80 ní 220°. Nítorí náà 80 ÷ 3.6 jẹ́ 22.2 g, igun rẹ̀ sì jẹ́ 220 − 84 = 136°.

Ẹ yọ 20 g ìdánwò kúrò. Inú ìṣirò yìí, kò sí níbẹ̀ mọ́. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ jù, kí ènìyàn ṣírò bí ẹni pé ó ti yọ ọ́, kó sì gbàgbé rẹ̀ nínú ihò.

136° bọ́ sí ihò 9 tó wà ní 135°, àmọ́ 12 g ni ihò náà lè gbà. Ẹ pín in sí ihò 8 àti ihò 10, 120° àti 150°. Nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi 15° yà kúrò ní 135°, àpapọ̀ wọn dín díẹ̀, nítorí náà kì í ṣe 11.1 g bí kò ṣe 11.5 g ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ 1° láàárín 135 àti 136 kò ní ju 1.5 µm lọ.

#11 Ọmọ_Wọ́kọ̀ṣọ́ọ̀bù

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Bí ìgbọ̀n bá kọjú sí 40°, kí ló dé tí a kò kàn fi wéètì sí 220° tààrà, ká yẹra fún ìdánwò?

#12 ÀgbàRótọ̀

Ìbéèrè gidi ni, àbúrò. Ibi tí ṣáàfù yọ sí jù kì í sábà jẹ́ ibi tó wúwo. Ní eré tó kéré sí critical dáadáa, méjèèjì wà níhà kan náà. Ní critical gan-an, ibi tó yọ ń tẹ̀ lé ibi tó wúwo lẹ́yìn pẹ̀lú 90°. Lókè critical, ó ń súnmọ́ 180°, ìyẹn ni pé ibi tó wúwo wà ní òdìkejì. Jeffcott fi ìṣirò ṣàlàyé rẹ̀ ní 1919; ṣáájú rẹ̀, Rankine ti kọ ní 1869 pé ṣáàfù kò lè yí ní àlàáfíà kọjá eré yẹn, bẹ́ẹ̀ sì ni rótọ̀ tí à ń sọ yìí ń yí ní 3000, critical rẹ̀ sì jẹ́ 1750.

Tún fi bí sẹ́ńsọ̀ ìgbọ̀n ṣe jìnnà sí sẹ́ńsọ̀ àmì (èyí tó ń rí àmì orí ṣáàfù nínú ìyí kọ̀ọ̀kan) kún un, fi bí béárìn ṣe ń dín agbára ìgbọ̀n kù kún un. Gbogbo wọn wà nínú 84° yẹn. Ìdánwò ló ń fún ọ ní i láìsí ìméfò.

Ohun kan tún wà tó máa ń dá iṣẹ́ rú: ibi tí a ti ń ka igun. Yí rótọ̀ lọ́wọ́ títí àmì orí ṣáàfù á fi wà lábẹ́ sẹ́ńsọ̀ àmì. Dá a dúró. Dúró níbi sẹ́ńsọ̀ ìgbọ̀n, ibẹ̀ ni 0°. Ka igun sí òdìkejì ibi tí rótọ̀ ń yí sí. Bí nọ́ńbà ihò bá lọ síhà tí rótọ̀ ń yí sí, 136° yóò bọ́ sí 224°. Mo ṣírò rẹ̀ fún ẹ̀rọ yìí: ìgbọ̀n ì bá gòkè láti 80 dé 111 µm. Nítorí náà, fi ṣọ́ọ̀kì kọ 0, 90, 180, 270 sára dísíìkì kí o tó ti ọwọ́ bọ fèrèsé.

#13 ṢáàfùTítọ́

A ti ṣe é. 11.5 g ní 120°, 11.5 g ní 150°, 20 g ti kúrò.

Béárìn 2: 14 µm. Béárìn 1: 31 µm. Ní critical, béárìn 2 ga dé 55 µm. Ẹ ṣeun púpọ̀. Ìṣirò ní kó kù 1.5, kí ló dé tó fi jẹ́ 14?

#14 Béárìn_Tútù

Ẹ kú oríire! 14 dára. Ẹ wo ibi tí ìyókù ti lè wá: bí ẹ bá ṣi igun 40° yẹn kà pẹ̀lú 3° péré, 4 µm ti wọlé. Ọ́ìlì inú béárìn kò le dọ́gba, bí ìgbọ̀n ti ń dín kù ni líle rẹ̀ ń yí padà, nítorí náà 3.6 µm fún gíráàmù kan kò dúró bákan náà láti 80 dé 0. Díẹ̀ sì lè wá láti ara ooru ọjọ́ náà.

Ẹ má lépa 14 yẹn. Kí ẹ kọ 3.6 µm fún 1 g àti 84° ní 3000 rpm sínú ìwé ẹ̀rọ, pẹ̀lú ẹrù àti ooru. Nígbà míì tí wọ́n bá tún fọwọ́ kan bíléèdì, ẹ lè ṣírò wéètì láti inú ìwọ̀n àkọ́kọ́, láìsí wéètì ìdánwò.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni critical. Wéètì tó bá tún 3000 ṣe lè ba 1750 jẹ́, nítorí bí rótọ̀ ṣe ń tẹ̀ ní eré méjèèjì yàtọ̀. Tiyín sọ̀kalẹ̀ níbi méjèèjì. Bí 1750 bá ti gòkè, wéètì orí ìpele méjì tàbí mẹ́ta la ò bá lò, kí a ṣírò gbogbo wọn pọ̀.

#15 Afẹ́fẹ́_Gbígbóná

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní òmíràn. Bí ìgbọ̀n bá wà lábẹ́ 1X ńkọ́? Ká ní ní 3000 rpm, ohun kan ga ní 22.5 Hz (ìgbà 22.5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan).

#16 Béárìn_Tútù

22.5 Hz jẹ́ 0.45X. Wéètì kò lè ṣe ohunkóhun fún un, ẹ jẹ́ kó yé gbogbo ènìyàn. Àìdọ́gba ìwúwo kì í mú ìgbọ̀n wá ju 1X lọ tàbí kéré sí i.

Láàárín 0.38X sí 0.48X, ọ́ìlì inú béárìn ló sábà máa ń fà á. Fẹ́ẹ́rẹ́ ọ́ìlì ń yí po ní nǹkan bí ìdajì eré ṣáàfù, bí béárìn kò bá rù tó, ó máa ń ti ṣáàfù káàkiri. Ó burú jù nígbà tí eré ẹ̀rọ bá tó ìlọ́po méjì critical àkọ́kọ́: ìgbọ̀n náà á dì mọ́ critical, kò sì ní gòkè mọ́ bí eré bá ń gòkè, líle rẹ̀ nìkan ni yóò máa pọ̀ sí i. Ẹ pa ẹ̀rọ.

Ohun tí ẹ lè ṣe láìṣí nǹkan kan: ẹ gbé ooru ọ́ìlì tó ń wọlé láti 40 sí 48 °C, kó fúyẹ́ sí i. Bí ìgbọ̀n bá dín kù, ẹ ti mọ ọ̀daràn. Ẹ wá ṣí béárìn. Fún ṣáàfù 200 mm, àlàfo 0.30 sí 0.40 mm ló wọ́pọ̀ fún béárìn róbótó, ìyẹn 1.5 sí 2 nínú 1000. Bí ó bá ti jẹ di 0.60 mm, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí àlàfo bá dára tó sì ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀, béárìn náà kò rù tó: ẹ wo bóyá títò ẹ̀rọ ti gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Oògùn tó pé jù ni béárìn onípátákó tó ń tẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí pátákó kọ̀ọ̀kan ń gba ẹrù rẹ̀ síta láìti ṣáàfù sẹ́gbẹ̀ẹ́.

#17 Oníbíléèdì

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un. Bí 22.5 Hz yẹn bá jẹ́ pé ẹrù ló ń gbé e dìde, tí eré kò yí padà, ẹ fi béárìn sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wo síìlì àti orí bíléèdì. Bí rótọ̀ bá sún síhà kan, àlàfo orí bíléèdì á kéré níhà kan, á pọ̀ níhà kejì, agbára gáàsì kò ní dọ́gba mọ́, á sì máa ti rótọ̀ yí po. Thomas ti rí i ní tọ́báìnì onísítíìmù ní 1958, Alford sì rí i ní ti ọkọ̀ òfurufú ní 1965. Gáàsì tó ń wọ síìlì pẹ̀lú yíyí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń ṣe ni kí a fi abẹ kéékèèké sí ẹnu síìlì láti pa yíyí náà kí ó tó wọlé, tàbí kí a fi síìlì onílé oyin rọ́pò rẹ̀.

#18 Afẹ́fẹ́_Gbígbóná

Ó yé mi. Ti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú tí béárìn rẹ̀ jẹ́ bọ́ọ̀lù ńkọ́? Kò sí ọ́ìlì tó nípọn níbẹ̀ láti pa ìgbọ̀n.

#19 ÀgbàRótọ̀

Òun ló fi jẹ́ pé dámpà ọ́ìlì ni wọ́n ń fi sí i. Òrùka ìta béárìn náà kò dì mọ́ ilé rẹ̀. Àlàfo bí ìdámẹ́wàá mílímítà ló wà láàárín wọn, ọ́ìlì kún inú rẹ̀. Wọ́n dí òrùka náà lọ́wọ́ kó má yí, ṣùgbọ́n ó lè sún. Bí ṣáàfù bá gbọ̀n, ó ń fún ọ́ìlì náà jáde láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, agbára ìgbọ̀n á di ooru. Lọ́pọ̀ ìgbà, irin tí wọ́n gé bí ọ̀pá àgò ló gbé òrùka náà sáàárín.

Ohun mẹ́ta ló máa ń ba dámpà jẹ́. Bí ọ́ìlì tó ń wọlé kò bá tó, afẹ́fẹ́ á wọ inú rẹ̀, kò ní ní ohun tó ń fún mọ́. Ọ́ìlì tó jóná lè di ẹ̀yìn òrùka, òrùka á le bí ẹni tí a so mọ́ ilé, critical á sì gòkè sí ibi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kẹta ni àìdọ́gba tó pọ̀ jù: bí òrùka bá ń sún kọjá nǹkan bí ìdajì àlàfo, dámpà kò ní lè fún nǹkan létòlétò mọ́, ìgbọ̀n lè fò lójijì. Nítorí náà dámpà kì í rọ́pò bálánsì.

#20 Ọmọ_Wọ́kọ̀ṣọ́ọ̀bù

Kí ló dé tí àwọn kan ní kí a máa yí rótọ̀ jẹ́jẹ́ fún wákàtí púpọ̀ lẹ́yìn tí a bá pa ẹ̀rọ? Ọ́ìlì nìkan ni?

#21 Béárìn_Tútù

Rárá o. Bí ẹ̀rọ gbígbóná bá dúró, ooru gòkè sí orí, orí rótọ̀ á gbóná ju ìdí lọ, irin orí á gùn, rótọ̀ á tẹ̀ sókè bí ọrun. Tẹ̀ tí ojú kò lè rí ni. Ṣùgbọ́n wo bó ṣe rí: bí àárín ìwúwo rótọ̀ 1200 kg bá sún 0.01 mm péré, ó já sí 12000 g·mm. Gbogbo ohun tí G2.5, ìyẹn ìpele bálánsì tí ISO là sílẹ̀, fàyè gbà fún un ní 3000 rpm jẹ́ nǹkan bí 9550 g·mm. Ìdámẹ́wàá ìdámẹ́wàá mílímítà ti jẹ gbogbo àyè náà.

Nítorí náà, yí i jẹ́jẹ́ títí ooru dísíìkì á fi bọ́ sí iye tí ìwé ẹ̀rọ sọ. Bí yíyí bá ti dáwọ́ dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹ̀rọ ṣì gbóná, má tan án. Padà sí yíyí jẹ́jẹ́, kí o wo ìtẹ̀ rótọ̀ lójú sẹ́ńsọ̀ títí yóò fi padà sí iye tó máa ń jẹ́. Àwọn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú kan ń fi sítátà yí rótọ̀ láìtú epo fún àkókò kan kí wọ́n tó tan iná, ìdí kan náà ni.

Kí ẹ sì má ṣe dúró nísàlẹ̀ critical bí ẹ bá gbọ́ pé ṣáàfù ń fara kan. Ibẹ̀ ni ibi tó wúwo àti ibi tó yọ ti wà níhà kan náà, ooru ń tẹ̀ ẹ́ síhà tó wúwo, ó ń kàn sí i, ó ń tẹ̀ sí i. Ẹ pa á.

#22 Oníbíléèdì

Ẹ̀yin tí ẹ ń rí 2X, ẹ wo ìdúró ẹ̀rọ kí ẹ tó bá bíléèdì wí. Gbígbóná ń gbé béárìn sókè: ilé béárìn tó ga 800 mm, tó gbóná sí i 40 °C, irin rẹ̀ á ga sí i ní nǹkan bí 0.38 mm. Bí ẹ bá ti to ṣáàfù tọ́ ní títútù láìro èyí, yóò wọ́ nígbà tó bá gbóná, á fi 2X hàn, á sì gbọ̀n síwá sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà ńkọ́? Ẹ fi dáyà, ìyẹn aago tó ń wọn bí nǹkan ṣe sún, sórí ẹsẹ̀, ẹ tú bóòtù rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá gbéra ju 0.05 mm, ẹ fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ rẹ̀.

#23 Ọmọ_Wọ́kọ̀ṣọ́ọ̀bù

Ọ̀gá mẹ́nu ba G2.5. Báwo ni ẹ ṣe rí 9550 yẹn?

#24 ÀgbàRótọ̀

ISO 21940-11 ló fún wa: 9549 × G × kg ÷ rpm, èsì rẹ̀ jẹ́ g·mm. G2.5 ni fún tọ́báìnì. 9549 × 2.5 × 1200 ÷ 3000 = 9549 g·mm. Bí béárìn méjì bá gbé ẹrù dọ́gba, ìlàjì rẹ̀, 4775 g·mm, ni ìpele bálánsì kọ̀ọ̀kan lè ṣẹ́kù. Ní 300 mm, 15.9 g nìyẹn.

Wéètì méjèèjì tí ṢáàfùTítọ́ lò ń ṣiṣẹ́ bíi 22.2 g ní 300 mm, ìyẹn 6660 g·mm. Rántí bíléèdì mẹ́ta tí Oníbíléèdì sọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi 5 g pọ̀ jù: 6750 g·mm. Bí ẹ bá tún ṣí ẹ̀rọ yẹn nígbà ìtọ́jú tó ń bọ̀, ẹ wọn bíléèdì 14 yẹn lórí òṣùwọ̀n g·mm, ẹ tún wọn tò, kí ẹ sì yọ wéètì méjèèjì tó wà ní ihò 8 àti 10 kúrò kí ẹ tó gbé rótọ̀ lọ sórí ẹ̀rọ bálánsì.